Erùpẹ̀ Ẹsẹ̀ Òsì

Nígbà tí èrò tó kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó ọparun, tí òjìji àwọn igi àgbọn sì ti gùn dé àárín pápá, Koyamu ká múńdù, aṣọ tó ró mọ́ ìdí, sókè orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tó sọnù. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan wà ní ọwọ́ kan, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ wà ní ìkejì, ipa ẹsẹ̀ òsì ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń wá.

Iṣẹ́ náà kò lè rọrùn ju ti ọjọ́ Àìkú yẹn lọ. Eré àánú ni wọ́n gbá, láti fi tọ́jú obìnrin kan tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó ń bu omi rin ilẹ̀ kí eruku má baà sọ ti bu omi jù, oko ìrẹsì tí wọ́n sọ di pápá náà tún di ẹrẹ̀ rírọ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù bọ́ bàtà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá a. Ènìyàn méje-méje ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo agbègbè Malappuram, nítorí náà ẹnì kan péré ló ń jọba àárín pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní àárín gan-an, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré, ipa ẹsẹ̀ oríṣi méjì ló pọ̀ jù.

Ọ̀kan jẹ́ odindi: gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ ìka, gbogbo rẹ̀ hàn lórí ẹrẹ̀ bí òǹtẹ̀ lórí ìwé. Èkejì kò ní gìgísẹ̀ rárá. Ọmọ ìka márùn-ún àti ìdí wọn nìkan ló wọlẹ̀, wọ́n sì wọlẹ̀ jìn.

Koyamu rẹ́rìn-ín sínú. Ta ló ń fi ọmọ ìka tẹlẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń sáré? Ta ló sì ń sáré ní àárín pápá, bí kò ṣe Saidalavi, agbábọ́ọ̀lù àárín ẹgbẹ́ Puthenthara? Velayudhan, agbábọ́ọ̀lù àárín ẹgbẹ́ tirẹ̀, kì í sáré. Velayudhan máa ń dúró ni.

Ó fi ọ̀bẹ gé ipa ẹsẹ̀ tí kò ní gìgísẹ̀ náà yípo, ó gbé e sórí ewé. Àwọn kannakánná tó ti ń pariwo lórí igi àgbọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbéra, wọ́n fò lọ láìké. Erùpẹ̀ tí oòrùn ti sè láti àárọ̀ tutù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ kànga.

*

Kò sí ẹni tó lè sọ fún Koyamu pé kò mọ àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Òun ni olùdarí ẹgbẹ́ Kadavupuram, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í jà lórí ọ̀rọ̀ náà ní ìsọ̀ tíì Kunjappu.

"Velayudhan rẹ yẹn, ṣé ènìyàn ni àbí òpó iná?" Kunjappu máa ń bi í léèrè, bó ṣe ń da tíì láti inú ife kan sí èkejì láti òkè réré. "Ó dúró sójú kan títí eré fi parí!"

"Ó dúró, bọ́ọ̀lù ń wá a wá. Saidalavi yín ló ń sá kiri bí ẹni tí oyin ń lé."

"Oyin náà kúkú ta yín lọ́dún tó kọjá. Góòlù mẹ́ta ni mo kà!"

"Má bu mílíìkì tó ti kan sí tèmi o, Kunjappu. Inú tó ń bí ọ, má fi sínú tíì mi."

Ṣùgbọ́n bí àwàdà bá tán, Koyamu a fi ife méjì àti èérún ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín tó ṣẹ́kù sórí tábìlì ṣàlàyé fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Velayudhan máa ń pa bọ́ọ̀lù sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gbé ọwọ́ lé ọmọdé lórí. Á yí i sí òsì díẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á tẹ̀lé e. Á yí i padà, ẹnì kejì á dé. Ìgbà tí méjèèjì bá ti kúrò níbi tó yẹ kí wọ́n wà ni yóò tó rán bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ kọjá. Ti Saidalavi kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó èémí kan. Á fẹsẹ̀ kàn án, bọ́ọ̀lù á lọ, òun náà á lọ, á wá yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú Velayudhan gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mú Saidalavi gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹni tó rí èyíkéyìí nínú wọn mú.

Ní ọdún yìí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ìsọ̀ tíì. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ ńlá kan ní Kolkata wá wo àṣekágbá Kadavupuram àti Puthenthara lọ́jọ́ Ẹtì. Agbábọ́ọ̀lù àárín kan ni wọ́n ń wá. Kan ṣoṣo. Velayudhan ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò ní sí ọdún mìíràn fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gun igi àgbọn ká èso rẹ̀ fún àwọn olóko, jíjábọ́ láti orí igi àgbọn ló sì pa bàbá rẹ̀ nígbà tí Velayudhan wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Láti ìgbà náà ni Koyamu, tí kò bí ọmọ, ti mú un sọ́dọ̀. Ó ti búra nínú ọkàn rẹ̀ pé igi kò ní pa ọmọ náà.

*

Ilé Raru oníṣègùn wà lẹ́yìn oko ata dúdú, níbi tí ewé ti bo ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ fi dà bí ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà kò kí Koyamu. Ó gba ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbóòórùn erùpẹ̀ náà, ó sì pín in sí méjì.

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Saidalavi, ọmọ ọmọ Biyyathumma."

"Orúkọ kò wúlò fún mi. Ohun tí mo fẹ́ rán kò mọ orúkọ. Ẹsẹ̀ ló mọ̀. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bàbá, ẹ fi aṣọ dì mí lójú, kí àwọn méjèèjì rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màá sọ èyí tó kọjá fún yín."

 Raru mú bàbà pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ewé, ó fi ìṣó fa ìlà sí i lára, ìlà tí kì í ṣe ti ìwé kankan tí Koyamu rí rí. Ó fi bàbà náà wé ìdajì erùpẹ̀ pẹ̀lú irun ẹranko kan tí kò dárúkọ, ó kì í sínú oríkèé ọparun kan, ó sì yọ́ ìda dí ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò sì ṣi nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀kan.

"Sin ín síbi tí bọ́ọ̀lù ti ń gbéra. Ẹsẹ̀ náà á sùn."

"Títí di ìgbà wo?"

Raru ti kọjú sí iná rẹ̀.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Ajé náà, nígbà tí ooru ti lé gbogbo ayé wọlé, Koyamu gbẹ́ àárín pápá jìn tó apá, ó sin ín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ilẹ̀ dé. Nígbà tó dìde, ó rí i pé òun kò ní òjìji. Oòrùn ló wà lórí gangan, ó sọ fún ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó yára kúrò níbẹ̀.

*

"Ẹ̀gbọ́n Koyamu, ẹ wá wo ẹsẹ̀ mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, wọ́n ń ṣe ìdánrawò létí odò. Ní ìgbà mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù ti yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Velayudhan, bí ẹyin lórí àwo tí wọ́n fi òróró pa. Àwọn tó kù rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo jókòó lé e lórí láti àárọ̀. Mò ń fi lu ilẹ̀, kò gbọ́."

Koyamu di ẹsẹ̀ òsì náà mú. Ó tutù. Ó ti mọ òtútù yẹn níbì kan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọkàn òun dé ibi tí èrò náà ń lọ.

"Ta lo bọ̀ lọ́wọ́ láti ọjọ́ Àìkú?"

"Saidalavi nìkan, lẹ́yìn eré."

"Hẹ̀ẹ́n!" Koyamu tutọ́ sílẹ̀. "Ìyá ńlá rẹ̀ ni. Biyyathumma ti fọwọ́ kàn wá."

Kò sí ẹni tí kò mọ Biyyathumma. Òun ni í fi tàdáwà kọ̀wé sínú àwo funfun, tí í fi omi fọ̀ ọ́ fún aláìsàn mu, tí ibà á sì lọ. Ẹni tó lè lé ibà lọ lè rán òtútù wá. Bí Koyamu ṣe rò ó nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ Raru ní àárọ̀ Ọjọ́rú.

"Wọ́n ti kọlù wá, Bàbá. Ẹ mú èyí tí mo gbé wá le sí i. Kí ẹsẹ̀ náà sùn wọra."

"Èyí tí o gbé wá," ni Raru wí, bí ẹni tó fẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

"Òun náà."

Raru mú ìdajì erùpẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó pò ó mọ́ ìda, ó sì mú ẹ̀gún ọsàn wẹ́wẹ́ méje. Ó ń gún un wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró láàárín wọn bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Nígbà tí ìkeje wọlé, ajá kan hu ní ìsàlẹ̀ oko.

Koyamu kò tíì dé ilé tí wọ́n fi pàdé rẹ̀ lọ́nà. Velayudhan ti jábọ́ lórí igi àgbọn. Kò ju ìdajì igi lọ, ó sì di igi mú bó ṣe ń yọ̀ bọ̀, ó kàn fi awọ àyà rẹ̀ sílẹ̀ sára igi ni. Ó ní ẹsẹ̀ òsì òun ṣàdéédé kúrò lábẹ́ òun ni, bí ẹni pé wọ́n fà á yọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ àkókò tó ṣẹlẹ̀. Koyamu ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìgbà tí ajá yẹn hu: ìgbà kan náà ni. Biyyathumma ló tún kọlù wọ́n, ó sọ fún ara rẹ̀.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó kọjá odò lọ sí Puthenthara. Biyyathumma jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onísìmẹ́ǹtì rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ àti eérú ha ìpẹ́ ẹja sàdíìnì.

"Koyamu! Ṣé o ti wá gbà níkẹyìn pé ọmọ tèmi ló mọ bọ́ọ̀lù gbá ni?"

"Ìyá, mi ò wá ṣeré. Ẹ tú ọmọ mi sílẹ̀."

"Mo dè é ni?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Lánàá ó jábọ́ lórí igi."

Ọ̀bẹ ìyá náà dúró. "Òsì ni àbí ọ̀tún?"

"Òsì."

"Òwú dúdú ni mo so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ tèmi. Mo gbàdúrà sí i, mo sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kókó rẹ̀ méjèèje, kí ohun tí ẹ bá rán má lè wọlé. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń retí rẹ̀. Kò wá." Ó gbé ojú sókè, ojú náà kò ní ìkà kankan nínú, èyí gan-an ló sì ba Koyamu lẹ́rù. "Mo ní bóyá ẹ ti yí ọkàn padà. Àbí ó ti lọ sílé ẹlòmíràn?"

Koyamu fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n Saidalavi ń bọ̀ láti odò ìwẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó gba orí sìmẹ́ǹtì kọjá níwájú àlejò náà.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ wá tọrọ àforíjì ṣáájú ọ̀la ni?"

Koyamu kò gbọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Ipa ẹsẹ̀ olómi ló tò lọ síwájú rẹ̀: gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ ìka. Odindi ni gbogbo wọn.

"Ṣé bí o ṣe máa ń tẹlẹ̀ nìyẹn? Lórí pápá náà?"

Saidalavi rẹ́rìn-ín. "Báwo ni kí n ṣe tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó ń sáré bíi tèmi, gìgísẹ̀ ni bíréékì rẹ̀. Bí mi ò bá fi gúnlẹ̀ ní àárín pápá kí n tó yí, inú oko ìrẹsì ni màá ti dúró."

Nígbà náà ni Koyamu rántí ẹ̀gún. Velayudhan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, òun sì ń to èso ẹlẹ́gùn-ún kéékèèké sábẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ náà lójoojúmọ́, títí ọmọ náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé gìgísẹ̀ sókè retí bọ́ọ̀lù. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá wà nílẹ̀ ti pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ. Gbogbo ayé ń rí Velayudhan bí ẹni tó dúró gbagidi, orí ọmọ ìka ló sì ti ń dúró láti ogún ọdún. Ogún ọdún náà ni Koyamu fi wo bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn. Kò wo ẹsẹ̀ náà.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà.

*

Wọn kò jẹ́ kó wọ pápá. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n hú ẹyin tí wọ́n fi ìṣó gún lẹ́nu ilé góòlù, láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ ti ń fi ẹ̀ṣọ́ méjì sórí pápá bí àṣekágbá bá ti ku ọjọ́ méjì.

"Ẹ padà, Ẹ̀gbọ́n Koyamu!" ọ̀kan ń fi ọ̀pá júwe ọ̀nà fún un. "Àwa náà mọ ohun tí olùdarí ẹgbẹ́ máa ń wá wá lórí pápá ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀!"

"Mo fẹ́ hú nǹkan ni, mi ò fẹ́ sin nǹkan!"

"Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń sọ náà nìyẹn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ó wà ní ẹnu ọ̀nà Raru. Raru kò bínú, kò sì yà á lẹ́nu.

"Ẹ̀gún méje yẹn, èmi á yọ wọ́n. Ọwọ́ tó sin ín ni kó hú u. Ẹnu tó parọ́ ẹsẹ̀ ni kó sọ òtítọ́ ẹsẹ̀, kí ẹni tó ni ín gbọ́. Kó tó di fèrè ìkẹyìn. Bí fèrè bá dún tán, ẹsẹ̀ náà á di ti ohun tí mo rán títí ayé."

"Ṣé ó tán síbẹ̀?"

"Ohun tí mo jí dìde kì í padà lọ́wọ́ òfo. Mo ti ṣèlérí ẹsẹ̀ fún un." Raru wo ẹsẹ̀ òsì Koyamu bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà.

Koyamu bẹ Velayudhan kó má gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Velayudhan ní ẹni Kolkata ti jókòó, kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́ má dẹ́rù ba òun. Koyamu lè sọ ìyókù fún un nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ eré, láàárín àwọn méjì. Ó la ẹnu. Ó tún pa á dé.

*

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó ọparun kún débi pé ó ń dún gìrìgìrì. Nígbà tí Velayudhan kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yọ̀, Saidalavi gbé e lọ. Ìgbà kejì, ó yọ̀. Ìgbà kẹta, Velayudhan ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ọmọ Puthenthara kan sì gbá bọ́ọ̀lù wọ góòlù. Láti orí ìjókòó ni Kunjappu ti pariwo pé, "Òpó iná ti wó o!" Ẹ̀rín bo pápá. Ẹni Kolkata kọ nǹkan sínú ìwé kékeré rẹ̀.

Fèrè ìsinmi dún. Koyamu dìde.

Ó rìn tààrà dé àárín pápá, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré bọ̀. Èrò ké, èèpo ọsàn àti òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bà á lẹ́yìn. "Ó ń sin ín! Ó ń sin ín lójú wa!" Ó gbé oríkèé ọparun náà sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Èmi ni mo sin ín!" Ohùn rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀. "Saidalavi ni mo fẹ́ fi mú. Ẹsẹ̀ Velayudhan ni mo bù. Velayudhan, ìwọ ni! Ẹsẹ̀ rẹ ni! Mi ò dá a mọ̀!"

Ariwo náà kú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Velayudhan dúró létí ìlà, omi ọsàn lọ́wọ́, ife náà kò kan ẹnu rẹ̀.

Koyamu fọ́ ọparun náà mọ́ orúnkún. Erùpẹ̀ inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ọjọ́ Àìkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé ọjọ́ márùn-ún. Ó fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Òtútù náà wọlé láti ọmọ ìka, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó jókòó síbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fẹ́ nà án ló padà gbé e kúrò.

*

Àwọn tó wo ìdajì kejì ṣì ń sọ ọ́. Velayudhan kò wo ìhà ibi tí Koyamu jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó pa á, ó dúró, pápá dúró pẹ̀lú rẹ̀. Saidalavi dé bí ìjì, ó gúnlẹ̀, ó yí, ó gba ibòmíràn yọ. Ọ̀kan ń pa eré náà lẹ́nu mọ́, èkejì ń jí i padà. Kadavupuram gbá góòlù méjì wọlé, èkejì wọlé nígbà tí rẹfirí ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó parí, ẹni Kolkata sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó ọparun, ó kọjá lára Saidalavi, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ bá Velayudhan sọ̀rọ̀ pẹ́.

Koyamu kò lè dìde. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ láàárín, bí ẹni tó yẹra fún ejò. Níkẹyìn, Velayudhan dé, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ gùn mí lẹ́yìn."

Ó pọ̀n ọ́n gba orí àlà oko ìrẹsì. Koyamu ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣàlàyé, ó ń dárúkọ igi àgbọn, ó ń dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ń dárúkọ Kolkata. Velayudhan ń wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi korobá bu omi gbígbóná láti ìdí iná, ó da á sí ẹsẹ̀ òsì náà, ó sì fọ ẹrẹ̀ kúrò láàárín ọmọ ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lára?"

"Rárá."

Velayudhan fi aṣọ nù ún gbẹ. "Ọkọ̀ ojú irin Kolkata á gbéra lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má wá sí ibùdókọ̀."

"Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ gbé wá, ọmọ mi?"

"Kódà bí ẹ bá lè rìn," ni Velayudhan wí. Ó gbé korobá òfìfo náà padà sídìí iná, ó sì jáde.